Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí a ra ilé short sale tó wà ní Bowie yìí?

Adùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ọkọ mi sì ti ní kí n má bá òun sọ ọ́ mọ́ títí di Sátidé, ẹ̀yin ni mo wá gbé e bá.

Hyattsville ní Maryland là ń gbé, yàrá méjì, àwa méjì àti ọmọ méjì. Ìparí oṣù kẹjọ ni ìwé háyà wa máa parí. A ti wo ilé mọ́kànlá láti oṣù kẹta. Gbogbo èyí tí ojú wa fẹ́, kí a tó délé ni ẹlòmíràn ti fowó borí tiwa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ejẹ́ntì wa mú wa lọ wo ọ̀kan ní Bowie, ní apá Belair lọ́hùn-ún: yàrá mẹ́rin, gáréèjì, àgbàlá tí àwọn ọmọ lè sáré títí kó rẹ̀ wọ́n. 389,000 dọ́là ni wọ́n kọ sí i. Ilé tó jọ ọ́ ní òpópónà kejì, 450,000 ni wọ́n tà á. Mo ní kí ló dé? Ó ní short sale ni. Mo ní bó bá jẹ́ pé kíákíá ni wọ́n fẹ́ tà á, àwa náà ti ṣe tán. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí, ó ní kì í ṣe irú short tí mo rò.

Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí a tọwọ́ bọ̀ ọ́ àbí kí a sá?

Bàbá Tóbi:
Adùkẹ́, ejẹ́ntì yín kò purọ́. Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe àkókò ló kúrú, owó ló kúrú. Gbèsè tí onílé jẹ lórí ilé ju iye tí ọjà lè san lọ. Ká ní 500,000 ló jẹ, tí ilé kò sì lè mú ju 430,000 wá, ó máa lọ bẹ báǹkì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tà á ní iye tó bá mú wá, kí wọ́n gba ìyẹn, kí wọ́n sì yọwọ́ lórí ìwé ilé. Báǹkì lè gbà, ó lè kọ̀. Bó bá gbà, báǹkì ló ń kó owó lọ. Onílé kì í mú kọ́bọ̀ jáde níbẹ̀, àfi bí báǹkì bá ṣàánú rẹ̀, kó fún un ní owó ìkẹ́rù.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ nìyí: ẹni tó máa fọwọ́ síwèé fún yín kọ́ ló láṣẹ. Onílé á gba iye tí ẹ dá, ẹ̀yin á ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ti máa yan àwọ̀ kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí nǹkan kan nílẹ̀. Ẹni tó láṣẹ jókòó sí ọ́fíìsì kan ní ìpínlẹ̀ tí ẹ kò dé rí, fáìlì yín sì wà lábẹ́ igba fáìlì mìíràn.

389,000 yẹn pàápàá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ejẹ́ntì onílé ló fi dẹ oníbàárà. Báǹkì máa rán ẹni tirẹ̀ lọ wo ilé, kó sọ iye tó tọ́ sí i. Bí onítọ̀hún bá ní 430,000 ni, ìyẹn ni báǹkì máa béèrè lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró fún oṣù mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Katy:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 2011 la ra tiwa ní Texas níbí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ṣì dojú rú káàkiri Amẹ́ríkà, tí short sale pọ̀ bí ewé. Oṣù kejì la kọ̀wé. Oṣù kẹwàá ni kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n fi oṣù mẹ́jọ ṣe? Báǹkì ní kí onílé mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá. Ó mú un wá. Oṣù méjì kọjá, wọ́n ní ìwé yẹn ti pẹ́ jù, kó mú tuntun wá. Ó mú un wá. Wọ́n gbé fáìlì fún obìnrin kan, obìnrin náà fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e fún ọkùnrin kan. Nígbà tó di oṣù karùn-ún tí a ti ń dúró, báǹkì ta gbèsè yẹn fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn yẹn ní àwọn kò mọ ohun tí àwọn ti àkọ́kọ́ bá wa sọ, kí a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní Texas, Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń ta ilé ní gbàǹjo. Oṣooṣù ni mò ń gbààwẹ̀ kí wọ́n má ta ilé náà mọ́ wa lójú.

Èmi náà jẹ̀bi. Ọjọ́ tí onílé fọwọ́ síwèé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìkòkò àmàlà mi, ọmọrógùn mi, gbogbo rẹ̀ ti wọ páálí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ro àmàlà nínú ìkòkò ìrẹsì pẹ̀lú ṣíbí onígi tí mo rà ní dọ́là kan, nítorí mi ò fẹ́ já páálí tí mo ti lẹ̀ pa. Landlord wa rí i pé a ti há, ó ní kí a máa san owó lóṣooṣù, ó sì bu 120 dọ́là lé e.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ṣírò rẹ̀. Iye tí ilé fi dín sí ti ọjà tó 20,000. Ẹ yọ àfikún owó háyà, ẹ yọ owó ibi tí a kó ẹrù pamọ́ sí, ẹ yọ ẹ̀rọ amúlétutù tó kú ní ọ̀sẹ̀ tí a wọlé, ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì tí ajá onílé ti sọ di… ẹ jẹ́ kí n panu mọ́. Ohun tó kù kò tó ẹgbàárùn-ún dọ́là.

Mi ò kábàámọ̀ o. Ilé náà ṣì tù mí lára títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àwọn ìbejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ká ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò ní gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Èmi ò ní fẹsẹ̀ mi wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilé tí ẹni ẹlẹ́ni fẹkún jáde nínú rẹ̀! Owó tó bá fẹ́ dín, kó lọ dín níbòmíràn.

Bàbá Tóbi:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí Adùkẹ́ bá sá, ṣé onílé máa dẹ́kun ẹkún ni? Bí kò bá rí ẹni rà á, báǹkì á gba ilé, á gbé e lọ gbàǹjo. Ẹni tí wọ́n bá gba ilé rẹ̀ lọ́nà yẹn, ọdún 7 ni Fannie Mae, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra lóònù ilé lọ́wọ́ àwọn báǹkì, ní kó fi dúró kó tó tún lè yá owó ilé lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá tà á ní short sale, ọdún 4. Ẹni tó ra ilé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe é lóore.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ibẹ̀.

Ṣadé Ejẹ́ntì, Lanham:
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti 2009 nìyí, ní Prince George's County níbí, nígbà tí ilé ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa bí ìgbà tí ìjì já wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti parí short sale tó lé ní ogójì. Àwọn tó dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò kà wọ́n. Adùkẹ́, ẹ má tíì máa bi ara yín bóyá ilé náà dára. Ẹ ní kí ejẹ́ntì yín pe ejẹ́ntì onílé lónìí, kó bi í ní nǹkan mẹ́rin, kó sì fetí sí bó ṣe ń fèsì.

Gbèsè mélòó ló wà lórí ilé? Èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ báǹkì kan ṣoṣo, ìrètí wà. Bí HELOC, ìyẹn gbèsè kejì tí onílé fi ilé kan náà dúró yá, bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé báǹkì mìíràn ló ni í, ẹ di àmùrè. Báǹkì àkọ́kọ́ ló máa kó èyí tó pọ̀ jù lọ, bíńtín ló máa jù sí èkejì. Èkejì á ní kò tó òun. Àkọ́kọ́ á ní òun kò fi kọ́bọ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹnì kan tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kọ̀, ó parí nìyẹn. Mo ti rí ilé tó bọ́ mọ́ oníbàárà mi lọ́wọ́ nítorí 3,000 dọ́là tí báǹkì méjì jọ ń fà. Owó orí county àti owó omi tí onílé kò san náà máa ń rọ̀ mọ́ ilé. Ilé iṣẹ́ title, àwọn tó ń yẹ ìwé ilé wò kí a tó rà á, ló ń wá wọn jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè wá a, kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ni ẹ máa tó gbọ́.

Ṣé ìwé onílé ti pé lọ́dọ̀ báǹkì? Lẹ́tà tó fi ṣàlàyé ìnira rẹ̀, ìwé owó oṣù, ìwé báǹkì, ìwé tax. Bí wọ́n bá ní àwọn ń wá a, ẹ mọ̀ pé ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ṣé wọ́n ti dá ọjọ́ gbàǹjo? Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti oṣù kìíní 2014: bí ìwé onílé bá pé lọ́wọ́ báǹkì nígbà tó ṣì ku ju ọjọ́ 37 lọ sí gbàǹjo, báǹkì kò gbọ́dọ̀ ta ilé náà láì tíì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n pípé ni wọ́n wí. Ìwé kan ṣoṣo tó bá kù, ààbò yẹn kò sí.

Mélòó ni ejẹ́ntì onílé ti parí rí? Bí kò bá tíì parí ọ̀kan, a jẹ́ pé orí yín ló fẹ́ fi kọ́ irun gígẹ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ kọ̀wé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ títí báǹkì á fi gbà, kí ẹ sì dá ọjọ́: bí báǹkì kò bá dáhùn ní ọjọ́ 60 tàbí 90, ẹ lè jáde, àsansílẹ̀ yín á sì padà sọ́wọ́ yín. Kí àsansílẹ̀ náà kéré, kó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ title, kó má dé ọwọ́ onílé. Ẹ tún ka ìwé tí ẹ̀yin àti ejẹ́ntì yín fọwọ́ sí. Láti oṣù kẹjọ 2024 ni ejẹ́ntì tó ń lo MLS, ìwé àkójọ ilé títà tí àwọn ejẹ́ntì jọ ń lò, ti gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú yín kó tó mú yín wọ ilé wò, iye tó máa gbà sì wà nínú rẹ̀. Báǹkì fẹ́ràn láti máa gé owó ejẹ́ntì nínú short sale, ẹ̀yin lẹ sì lè jẹ́ ẹni tó máa dí àlàfo yẹn. Ẹ bi í báyìí, kó má di ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ní ti àyẹ̀wò ilé, mo máa ń ní kí oníbàárà mi dúró títí lẹ́tà tí báǹkì fi gbà fún wa á fi dé. Kí lẹ fẹ́ ná 500 dọ́là fún lórí ilé tí báǹkì lè má tà fún yín?

Kẹ́hìndé Plọ́mbà, Baltimore:
Àǹtí Ṣadé, ẹ dárí jì mí, mi ò bá yín lọ níbi àyẹ̀wò yìí. 500 dọ́là tí wọ́n ná lóṣù àkọ́kọ́ sàn ju oṣù márùn-ún tí wọ́n fi dúró de ilé tó ti jẹrà nínú lọ. Adùkẹ́, ṣé èèyàn ń gbé inú ilé yẹn?

Adùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Rárá o, bọ̀dá. Onílé ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti oṣù kejìlá.

Kẹ́hìndé Plọ́mbà, Baltimore:
Há! Òtútù bá a lófìfo nìyẹn. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn kì í rántí pe plọ́mbà kó wá fa omi inú páìpù kúrò. Bó ṣe máa ń rí nìyí: wọ́n gé iná, ẹ̀rọ amúlégbóná kú, omi inú páìpù di yìnyín, páìpù bẹ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí yìnyín kì í jò. Ìgbà tí ooru bá dé ní oṣù kẹta ni gbogbo rẹ̀ á yọ́, tí á máa ṣàn nínú ògiri. Mo wọ ilé kan ní Randallstown, ilé náà mọ́ tónítóní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Mo fọwọ́ tẹ ògiri tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ lókè, ọwọ́ mi wọlé bí ẹni tẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀.

Ilé Belair yẹn, ilé iṣẹ́ Levitt ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn ní àwọn ọdún 1960. Orí kọnkéré ni wọ́n gbé wọn lé, kò sí basement, nítorí náà omi tó bá dà kò ríbi gbà lọ, abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ló máa sùn sí. Ẹ wo etí ògiri nísàlẹ̀, ibi tó ti kan ilẹ̀. Ẹ fi imú ṣiṣẹ́ kí ẹ tó fi ojú ṣe é. Ẹ béèrè bóyá omi ṣí. Bó bá wà ní títì, ààbọ̀ àyẹ̀wò lẹ máa ṣe, owó odidi lẹ sì máa san. Kí wọ́n ṣí i kí ẹ tó pe ẹni tó máa yẹ ilé wò, kí plọ́mbà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i. Báǹkì kò ní bá yín tún ìṣó kan ṣe. Bó ṣe wà ni wọ́n ń tà á.

Mo máa wà ní Laurel ní Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè yà síbẹ̀. Àmàlà ni mò ń gbà, mi ò gba dọ́là.

Lékè, Chicago:
Kí ló dé tí ẹ ò wá èyí tí báǹkì ti gbà tán? REO ni wọ́n ń pè é. Báǹkì fúnra rẹ̀ ló ni í, ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa bá sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ti máa gbọ́ ẹ̀ẹ́n tàbí rárá. Èmi rà á bẹ́ẹ̀.

Ṣadé Ejẹ́ntì, Lanham:
Òótọ́ ni Lékè sọ, bí REO bá wà ládùúgbò tí wọ́n fẹ́. Ní Bowie lásìkò yìí, mi ò rí méjì.

Bísí Lóònù:
Ẹ kú ìjíròrò o. Adùkẹ́, irú lóònù wo lẹ fẹ́ gbà, báwo ni owó ọwọ́ yín sì ṣe rí?

Adùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
FHA ni, àǹtí, lóònù tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún, èyí tí a máa fi 3.5% sílẹ̀. Owó náà gan-an ni ìṣòro mi kejì. 9,000 wà ní báǹkì. Èyí tó kù, àjọ ni. Àwa nọ́ọ̀sì méjìlá là ń dá a, 1,000 lóṣù, oṣù keje ló kàn mí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n má pe orúkọ àjọ níwájú àwọn onílóònù, kí n ní àbúrò mi ló fi ta mí lọ́rẹ.

Bísí Lóònù:
Má dán an wò. Irọ́ lórí ìwé lóònù ìjọba àpapọ̀ lo fẹ́ pa yẹn, ẹjọ́ ọ̀daràn sì ni. Kò tiẹ̀ sídìí fún irọ́. Ìwé FHA mọ àjọ! Private savings club ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìwé àkọsílẹ̀ àjọ, rìsíìtì owó tí o ti dá, àti ẹ̀rí láti ọwọ́ olówó àjọ. Ìyẹn ni pé bí olówó àjọ yín bá jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sórí lásán, kó tètè lọ ra ìwé. Kí owó tí ò ń dá sì máa ti inú àkáǹtì rẹ lọ, má fi káàṣì dá a mọ́. Àìlálàyé ló ń kó bá àwọn èèyàn wa. Onílóònù á wo àkáǹtì rẹ ti oṣù méjì, á rí 12,000 tó já wọlé lọ́jọ́ kan, á ní níbo ló ti wá, ìwọ á wá máa kólòlò.

Short sale tiẹ̀ bá ọ lára mu lápá ibẹ̀ yẹn, torí kí báǹkì tó dáhùn, owó àjọ á ti pẹ́ nínú àkáǹtì. Ibi tí kò ti bá ọ lára mu ni èlé. Má jẹ́ kí wọ́n bá ọ ti èlé mọ́ iye kan kí lẹ́tà báǹkì tó dé. Ọjọ́ 30, 45 tàbí 60 ni wọ́n sábà ń fi ti i, bó bá kọjá, owó lo máa fi nà án. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà báǹkì náà ní ọjọ́ tó máa kú, nítorí náà bó bá ti dé, eré ni. Títí dìgbà yẹn, má ra mọ́tò, má sì fi orúkọ rẹ dúró fún ẹnikẹ́ni.

Kókó mìíràn nìyí. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978, FHA kì í fẹ́ kí ọ̀dà máa ṣí lára rẹ̀, nítorí òjé olóró tó lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ẹni tí wọ́n bá rán wá wo ilé á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n tún un ṣe kí owó tó jáde. Ta ló fẹ́ tún un ṣe? Onílé kò lówó, báǹkì kò ní ṣe é, ẹ̀yin náà kò tíì ni ilé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ há sí. 203(k) wà, irú lóònù FHA kan tó ń pa owó àtúnṣe pọ̀ mọ́ owó ilé, ṣùgbọ́n wàhálà ìwé rẹ̀ nìkan tó iṣẹ́. Kí èèyàn wá gbé e lé orí short sale? Mi ò ní bá ọ dá a lábàá.

Alákọ̀wé, Atlanta:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀. Gbèsè ilé ti wọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn ní Lithonia. Ó ní kí n ra ilé náà lórúkọ mi ní short sale, kí òun máa gbé inú rẹ̀ nìṣó, kí òun máa san án fún mi díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ṣadé Ejẹ́ntì, Lanham:
Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin méjèèjì àti àwọn ejẹ́ntì yín lẹ máa fọwọ́ síwèé pé ẹ kò bá ara yín tan, pé kò sí àdéhùn abẹ́lẹ̀, pé onílé máa kó jáde. Ẹni tó bá fi irọ́ buwọ́ lù ú ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé, ó ti di ọ̀rọ̀ FBI. Kí ẹ̀gbọ́n yín pe àwọn agbaninímọ̀ràn tí HUD, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, fọwọ́ sí, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí báǹkì fẹ́ gba ilé rẹ̀. Kó bi wọ́n bóyá báǹkì lè dín owó oṣooṣù rẹ̀ kù. Ó lè má dé orí kó ta ilé rárá.

Adùkẹ́ Nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá:
Mo ti padà dé o. Ejẹ́ntì wa ti pe ejẹ́ntì onílé. Gbèsè méjì ló wà: mọ́gééjì, àti HELOC ti báǹkì mìíràn. Àǹtí Ṣadé, mo ti gbọ́ òṣé yín láti ibí. Ìwé onílé ti wà lọ́dọ̀ báǹkì àkọ́kọ́, ó ku ìwé tax kan tí ọmọ rẹ̀ ń wá. Ọjọ́ gbàǹjo kò tíì sí. Ejẹ́ntì onílé ti parí short sale mẹ́fà, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láì wòkè wolẹ̀. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

Bọ̀dá Kẹ́hìndé wá ní Sátidé, kí Ọlọ́run bù kún un. Kí n tó bọ́ bàtà tán, ó ti nà gbalaja sílẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ síǹkì. Omi wà ní títì. Àbààwọ́n kan wà létí ògiri ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀, aláwọ̀ tíì, kò ju abọ́ ọbẹ̀ lọ. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó le. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ti ọjọ́ pípẹ́ ni, kì í ṣe ti ọdún yìí, ṣùgbọ́n òun kò ní búra títí wọ́n á fi ṣí omi. Ọ̀dà ojú fèrèsé méjì lẹ́yìn ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí Bísí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo rántí rẹ níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ṣì wà lára ògiri kíṣìnì. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí pé kí wọ́n pe báǹkì. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kejìlá. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ọkọ mi fi pè mí.

Ohun tí a ṣe nìyí. A ti kọ̀wé ní 389,000. Bí báǹkì kò bá dáhùn ní ọjọ́ 60, a lè jáde. 1,000 la fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ title, wọ́n sì ti ń wá gbèsè tó kù. Omi máa ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ yẹn náà la máa ṣe àyẹ̀wò (Àǹtí Ṣadé, ẹ má bínú, bọ̀dá plọ́mbà ló borí). Landlord ti gbà kí a máa san owó lóṣooṣù lẹ́yìn oṣù kẹjọ, 150 ló bù lé e. Èmi àti ọkọ mi jókòó, a ní a lè gbé 150 yẹn mì dé ìparí oṣù kọkànlá. Kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. A ṣì ń wo ilé mìíràn ní gbogbo Sátidé.

Ìyá Ìbejì, Katy:
Àwọn ọmọ ńkọ́?

Adùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Àgbà nínú wọn ló ń wọ kindergarten. Hyattsville níbí ló máa ti bẹ̀rẹ̀, bí ilé bá bọ́ sí i a ó gbé e lọ sí Bowie láàárín ọdún. Òun ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ìyá.

Ìyá Ìbejì, Katy:
Ó máa lọ. Ṣáà má tíì di ìkòkò o.

Adùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Ó wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí. Àárọ̀ yìí ni báǹkì kejì pè. Wọ́n ní ìwé owó oṣù onílé ti pẹ́ jù, kó mú tuntun wá.